Àyà Yín Ń Já Nínú Họ́ọ̀lù Ìdánwò? Olódo Kọ́ Ni Yín

Ẹ jẹ́ ká sòótọ́: kì í ṣe gbogbo ẹni tó féèlì ni kò kàwé. Èmi tí mo ń ṣe másítáàsì, mo máa ń bá wọn ṣọ́ ìdánwò. Mo ti rí akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣàlàyé kọ́ọ̀sì fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ lálẹ́ àná, tó gba ìbéèrè láàárọ̀, tọ́wọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, tí gbogbo ohun tó kà sì fò lọ. Tó bá jáde, á ní, "Olódo ni mí." Irọ́ ni o!

Bí ọpọlọ bá ti fura sí ewu, ìbáà ṣe ajá tó ń léni, ìbáà ṣe ìwé ìbéèrè, ó máa ń ránṣẹ́ sí ẹ̀yà ara kéékèèké méjì tó wà lórí kíndìnrín. Àwọn yìí á tú adrenaline sínú ẹ̀jẹ̀. Ọkàn á máa lù kìkìkì, èémí á yára, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ á pọ̀ sí i, kí ara lè lágbára.

Èrò tó ń tẹ̀lé e gan-an ni wàhálà. Àyè tí ọpọlọ fi ń ronú lọ́wọ́lọ́wọ́ dà bí tábìlì kékeré. Tí "mo ti gbé kọ́ọ̀sì yìí nìyẹn" àti "kí ni mo fẹ́ sọ fún mọ́mì mi?" bá ti kún orí rẹ̀, ibo la fẹ́ gbé ìṣirò sí?

Ní 2010, Jeremy Jamieson àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí kan jáde lórí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń múra fún GRE. Wọ́n sọ fún àwọn kan pé àyà tó ń lù kì í ba ìdánwò jẹ́, ó tiẹ̀ lè ṣèrànwọ́. Wọn ò sọ ọ́ fáwọn tó kù. Àwọn tó gbọ́ ọ ló ṣe dáadáa jù nínú ìṣirò, nígbà ìdánrawò àti nínú GRE gangan. Àmọ́ wọn ò pọ̀, ẹ má sọ ọ́ di oògùn ìsọ̀yè. Ẹni tí kò kàwé ò lè fi í yege.

Àwọn àgbà ní àyà níní ju oògùn lọ. Àyà níní yìí ṣeé kọ́. Ẹ fi past question àti aago dánra wò nílé. Tí ẹ̀rù bá dé, ẹ pè é lórúkọ: "Ẹ̀rù ń bà mí." Ẹ mí sínú, kí ẹ sì jẹ́ kí mímí síta pẹ́ jù ú lọ; ìyẹn máa ń dẹ ìlù ọkàn lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ sọ fúnra yín pé ara yín ló ń múra. Ẹ wá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìbéèrè tó rọrùn jù.

Tí ẹ̀rù náà ò bá jẹ́ kẹ́ ẹ sùn tàbí jẹun fún ọjọ́ púpọ̀, ẹ má dá a gbé o. Ẹ lọ bá àwọn agbaninímọ̀ràn ní ilé ẹ̀kọ́ yín, kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀.