Rírà tàbí Títò: Ọ̀rọ̀ àti Ìṣirò Nínú Yíyan Kọ̀ǹpútà

1. Ìfáárà

Bí ẹnì kan bá fẹ́ ní kọ̀ǹpútà tí owó kò sì pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀nà méjì ni ó máa ń là sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó lè ra èyí tí ilé-iṣẹ́ ti parí pátápátá. Ó sì lè ra ẹ̀yà ara kọ̀ǹpútà lọ́kọ̀ọ̀kan kí ó so wọ́n pọ̀ fúnra rẹ̀. Ohun tí a fẹ́ fi hàn nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé ọ̀rọ̀-ìṣe tí a bá fi pe ọ̀nà kejì yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Bí a bá yan ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó tọ́, inú rẹ̀ gan-an ni a ó ti rí òṣùwọ̀n tí a ó fi yan ọ̀nà tí ó yẹ owó wa.

2. Kọ́, ṣe, àbí tò?

Èdè Yorùbá kì í fi ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo pe gbogbo iṣẹ́ ọwọ́. A máa ń kọ́ ilé, a máa ń mọ ìkòkò, a máa ń rọ ọkọ́, a máa ń gbẹ́ ère, a máa ń hun aṣọ, a sì máa ń kan àga. Èwo nínú irú ọ̀rọ̀-ìṣe báyìí ni ó bá kọ̀ǹpútà mu?

Àwọn atúmọ̀-èdè kan yóò fẹ́ lo *kọ́*, nítorí pé òun ni a ń lò fún ilé. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo gbólóhùn yìí:

(1) Adé kọ́ kọ̀ǹpútà.

Kò sí ọmọ Yorùbá tí yóò gbọ́ gbólóhùn (1) tí kò ní rò pé Adé lọ kọ́ bí a ṣe ń lo kọ̀ǹpútà ni. *Kíkọ́ kọ̀ǹpútà* náà kò yàtọ̀. Ọ̀rọ̀ tí ó bá ń ṣi olùgbọ́ lọ́nà báyìí kò yẹ ní ohun tí a ń fi sínú ìwé ìmọ̀ ìjìnlẹ̀.

*Ṣe* kò fa irú àṣìgbọ́ yìí, ṣùgbọ́n ó gbòòrò jù. Ilé-iṣẹ́ TSMC ní Taiwan ni ó ń ṣe ọ̀pọ̀ nínú ọpọlọ kọ̀ǹpútà tí AMD ń tà. Iṣẹ́ yẹn àti iṣẹ́ ẹni tí ó jókòó sídìí tábìlì tí ó ń de bóòtù kò ṣeé fi ọ̀rọ̀ kan náà pè.

*Tò* ni ó bá a mu jù. A máa ń to igi, a máa ń to àwo, a máa ń to ìwé. Nínú gbogbo ìlò wọ̀nyí, nǹkan mẹ́ta ni ó hàn gbangba. Èkíní, ẹni tí ó ń tò kọ́ ni ó ṣe ohun tí ó ń tò. Èkejì, létòlétò ni a ń tò. Ohun kọ̀ọ̀kan ní àyè tirẹ̀. Ẹ̀kẹta ni ó ṣe pàtàkì jù fún iṣẹ́ wa: ohun tí a tò ṣeé tú. A kò lè tú ìkòkò tí a ti mọ tí a sì ti sun. Fífọ́ nìkan ni a lè fọ́ ọ.

Bí a bá fi àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ *à-* kún àpólà-ìṣe, a ó rí ọ̀rọ̀-orúkọ méjì tí wọ́n jọ rìn: *àtòlò*, èyí tí ẹni tí yóò lò ó tò fúnra rẹ̀, àti *àtòtà*, èyí tí ilé-iṣẹ́ tò fún títà. Ẹ̀kẹta ti wà nínú èdè tẹ́lẹ̀, òun ni *àlòkù*. Èyí tí ó bá ti ilẹ̀ òkèèrè wá nínú àlòkù ni àwọn ará ọjà ń pè ní *tòkunbọ̀*.

3. Bí títò ṣe di ohun tí ó rọrùn

Ní oṣù kẹta ọdún 1981, ilé-iṣẹ́ Sinclair Research ní Cambridge, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé kọ̀ǹpútà kékeré kan tí ó ń jẹ́ ZX81 jáde. Ọ̀nà méjì ni wọ́n gbà tà á. Ẹni tí ó bá fẹ́ àtòtà yóò san £69.95; ẹni tí ó bá fẹ́ kó ẹ̀yà ara rẹ̀ lọ sílé yóò san £49.95. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín méjèèjì jẹ́ £20. Ṣùgbọ́n kì í ṣe títò nìkan ni iṣẹ́ olùrà kejì yìí. Ó ní láti fi irin gbígbóná yọ́ òjé, kí ó sì fi òjé náà jó ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan mọ́ pátákó. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá ṣì í, ẹ̀yà lè bàjẹ́. Nítorí náà, £20 yẹn kì í ṣe èrè lásán. Owó iṣẹ́ àti owó ewu ni, olùrà ni ó sì gba méjèèjì sí ọrùn ara rẹ̀.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1981 kan náà, ilé-iṣẹ́ IBM gbé kọ̀ǹpútà tirẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà. Ọ̀pọ̀ ẹ̀yà tí ilé-iṣẹ́ mìíràn ń tà ni wọ́n fi tò ó, wọ́n sì tẹ ìwé tí ó ṣàlàyé bí inú rẹ̀ ti rí síta. Láìpẹ́, àwọn ẹlòmíràn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ẹ̀yà tí ó bá a mu. Ní ọdún 1995, Intel gbé ìlànà ATX kalẹ̀, èyí tí ó sọ bí pátákó yóò ti tóbi tó àti ibi tí ihò bóòtù rẹ̀ yóò wà. Títò tòde òní kò ní òjé nínú mọ́; kíkì bọ ihò àti dídè ni ó kù.

4. Orúkọ àwọn ẹ̀yà

Ẹni tí yóò yàn dáadáa gbọ́dọ̀ mọ ohun tí ó ń sanwó lé lórí. Àwọn orúkọ tí a dábàá nìyí:

(i) *àpótí*: èyí tí ó gbé gbogbo ẹ̀yà yòókù ró;
(ii) *pátákó ìsopọ̀*: ibi tí gbogbo ẹ̀yà ti ń bá ara wọn pàdé;
(iii) *ọpọlọ*: èyí tí ó ń ṣe ìṣirò tí ó sì ń pàṣẹ;
(iv) *ìrántí*: ibi tí iṣẹ́ tí a ń ṣe lọ́wọ́ wà, tí ó ń ṣófo bí iná bá lọ;
(v) *ìpamọ́*: ibi tí iṣẹ́ tí a ti fi pamọ́ wà, tí kì í ṣófo bí iná bá lọ;
(vi) *apíná*: èyí tí ó ń gba iná fóòtì 230 láti ara ògiri, tí ó sì ń pín in fún àwọn ẹ̀yà ní fóòtì 12, 5 àti 3.3.

Ó yẹ kí a tẹnu mọ́ ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín (iv) àti (v), nítorí pé púpọ̀ nínú àwọn òǹkọ̀wé ń pe méjèèjì ní *ìrántí*. Ẹni tí wọ́n bá sọ fún pé kọ̀ǹpútà kan ní "ìrántí 256" lè rò pé agbára ńlá ni òun rà, nígbà tí ó jẹ́ ìpamọ́ gígábáìtì 256 ni, tí ìrántí rẹ̀ kò sì ju gígábáìtì 4 lọ. Àìpé ọ̀rọ̀ ti di àdánù owó nìyẹn.

Bí ọ̀rọ̀-ìṣe kò ti lè gba gbogbo àbọ̀, bẹ́ẹ̀ ni pátákó kò lè gba gbogbo ọpọlọ. Ihò AM4 tí AMD gbé jáde ní 2016 kò gba ọpọlọ AM5 ti ọdún 2022. Ìrántí DDR4 náà kò wọ ihò DDR5. Ìbámu ni a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wò kí a tó wo iye owó.

5. Ìṣirò

Èrò ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé àtòlò ni ó máa ń dínwó jù. Kò fi gbogbo ìgbà rí bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni ilé-iṣẹ́ ńlá ń ra ẹ̀yà lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà wọ́n ń rà á ní ẹ̀dínwó tí ẹnì kan kò lè rí gbà. Owó ètò Windows sì sábà máa ń wà nínú iye tí wọ́n ń ta àtòtà. Ẹni tí ó to tirẹ̀ yóò san án lọ́tọ̀, àfi bí ó bá lo Linux tí ó jẹ́ ọ̀fẹ́. Fún olùkọ́ tàbí atúmọ̀-èdè tí kò ní ju ìwé títẹ̀ àti lẹ́tà kíkọ lọ, àtòtà kékeré tàbí àlòkù tí ó dára ni yóò sábà dínwó jù.

Ṣùgbọ́n àlòkù ní ìbéèrè tirẹ̀. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, Microsoft fòpin sí àtìlẹ́yìn tí ó ń ṣe fún Windows 10. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà àtijọ́ ni kò kún ojú òṣùwọ̀n Windows 11. Ẹni tí ó bá ra irú rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti mọ̀ pé Linux ni òun yóò lò.

Ọ̀rọ̀ iná tún wà níbẹ̀. Kọ̀ǹpútà alágbèéká ní bátìrì nínú, ṣùgbọ́n kò sí nínú ohun tí ènìyàn lásán lè tò, nítorí pé oríṣi kọ̀ọ̀kan ni ó ní pátákó tirẹ̀, a sì ti jó ìrántí ọ̀pọ̀ nínú wọn mọ́ ọn. Ẹni tí ó bá to kọ̀ǹpútà orí tábìlì níbi tí iná kì í dúró gbọ́dọ̀ ka owó bátìrì tí yóò gbé e ró mọ́ ìṣirò rẹ̀, àti owó ojú kọ̀ǹpútà. Kí ó tún rántí pé bí àtòtà bá bàjẹ́, ẹni tí ó tà á nìkan ni yóò dá padà fún. Bí àtòlò bá bàjẹ́, òun fúnra rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ wá èyí tí ó ṣàìsàn nínú ẹ̀yà mẹ́fà tí ó lè ti ọ̀dọ̀ òǹtajà mẹ́fà wá.

Nígbà wo wá ni títò yẹ? Ó yẹ bí iṣẹ́ bá le, bí iṣẹ́ fídíò àti àwòrán, tí àtòtà olówó kékeré kò lè gbé. Ó yẹ bí àpótí, apíná tàbí ojú kọ̀ǹpútà bá ti wà nílẹ̀. Ó sì yẹ fún ilé-ìwé tí yóò máa lo kọ̀ǹpútà náà fún ọdún púpọ̀, nítorí pé ẹ̀yà kan ṣoṣo ni yóò máa pààrọ̀ bí ó bá kú, kì í ṣe odindi.

Ọ̀nà àárín kan tún wà. A lè ra àlòkù tàbí àtòtà tí ó ṣeé tú, kí a lò ó bẹ́ẹ̀, kí a sì fi ìrántí kún un tàbí kí a pààrọ̀ ìpamọ́ rẹ̀ bí owó bá ti ń wọlé. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo àtòtà ni ó tẹ̀lé ìlànà ATX. Apíná àwọn mìíràn kò ní ẹlẹgbẹ́ lọ́jà.

6. Ìgúnlẹ̀

Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Iye tí a ó san lónìí nìkan kọ́ ni ó yẹ kí ó pinnu. Ìbéèrè tí ó yẹ kí olówó kékeré bi òǹtajà, ìbáà ṣe àtòtà, ìbáà ṣe àlòkù, ni pé: ṣé ó ṣeé tú, ṣé ẹ̀yà tí ó wà lọ́jà sì bá a mu? *Kọ́* àti *ṣe* kò lè mú ìbéèrè yìí wá sí ọkàn ẹni. *Tò* mú un wá, nítorí pé *tú* ni ó ń tẹ̀ lé e. Nítorí ìdí èyí ni a ṣe dábàá pé kí àwọn olùkọ́ àti atúmọ̀-èdè fi *kíkọ́* sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà, kí wọ́n sì lo *títò* fún iṣẹ́ ọwọ́ yìí.