Bí A Ṣe Lè Dá Ẹwà Ọkọ̀ Fáíbà Tí Ó Ti Ṣá Padà

Ọkọ̀ fáíbà ti gba ọ̀pọ̀ iṣẹ́ lọ́wọ́ ọkọ̀ pákó lórí ọ̀sà wa, láti Badagry dé Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́. Òun ni ó ń kó èrò, òun náà ni àwọn apẹja àti ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ fi ń kó ẹja àti irè oko lọ sí ọjà. Ìkán kì í jẹ ẹ́, ara rẹ̀ kì í sì í rà bí igi. Nítorí èyí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi rò pé kò fẹ́ ìtọ́jú. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọdún mélòó kan nínú oòrùn, ọkọ̀ tí ó ń dán bí àwo tánganran yóò di bàìbàì, bí ẹni pé a fi ẹfun kùn ún. Nígbà náà ni àwọn kan yóò dá a lábàá pé kí a ra ọ̀dà, àwọn mìíràn yóò ní kí a tà á ní ọ̀pọ̀. Kí ẹgbẹ́ tó ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì, ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí ó ṣe ọkọ̀ náà.

Ara ọkọ̀ fáíbà ní ìpele méjì. Ti inú ni òwú dígí tí a fi oje líle kan tí à ń pè ní rẹ́síìnì so pọ̀. Níbẹ̀ ni agbára ọkọ̀ wà. Ti òde ni awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a po àwọ̀ mọ́, èyí tí àwọn oníṣẹ́ ọkọ̀ ń pè ní gelcoat. Awọ yìí kò nípọn rárá: lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ìdajì mìlímítà ni, tàbí kí ó fi díẹ̀ lé. Síbẹ̀ òun ni ó ń dáàbò bo òwú inú lọ́wọ́ omi àti oòrùn. Ìtànṣán oòrùn àti afẹ́fẹ́ ni ó ń jẹ ojú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi di ìyẹ̀fun. Ó máa ń tètè hàn lára ọkọ̀ pupa àti ọkọ̀ aláwọ̀ aró ju ti funfun lọ.

Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ nu ara ọkọ̀ nígbà tí ó gbẹ. Bí ìyẹ̀fun bá lẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ da omi sí ibẹ̀. Bí àwọ̀ àtijọ́ bá yọ nígbà tí ó tutù, tí ó sì tún ṣá bí ó ti ń gbẹ, ìròyìn ayọ̀ ni, nítorí awọ gidi ṣì wà lábẹ́ ìyẹ̀fun náà. Bí ó bá jẹ́ pé ìlà òwú ni ẹ rí, awọ ti jẹ tán níbẹ̀. Kò sí bí a ti lè nù ún tí yóò padà. Oníṣẹ́ ni yóò fi awọ tuntun tàbí ọ̀dà tí ó yẹ bò ó.

Ohun kan tún wà tí ó ṣe pàtàkì ju dídán lọ. Ẹ fi èèkù ọ̀bẹ kan ara ọkọ̀ káàkiri, pàápàá ìdí rẹ̀ níbi tí a ń gbé ẹ́ńjìnnì kọ́. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, pákó ni a fi sí àárín fáíbà níbẹ̀, omi a sì máa gba ojú ihò bóòtù wọ inú rẹ̀. Ibi tí ó le yóò dún kán-kán. Ibi tí pákó ti rà yóò dún bí igi tí inú rẹ̀ ṣófo. Irú ìdí bẹ́ẹ̀ lè já pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì lórí ọ̀sà nígbà tí èrò wà nínú ọkọ̀. Èmi kò rí ìdí tí ẹgbẹ́ kan yóò fi ná owó ọmọ ẹgbẹ́ lórí dídán ara ọkọ̀ tí kò tíì tún ìdí ṣe. Bákan náà ni kí ẹ kan àlòkù ọkọ̀ wò kí ẹ tó san owó rẹ̀, nítorí ọjọ́ kan péré tó fún ẹni tí ń tà á láti mú un dán.

Bí ó bá yè kooro, ẹ gbé e sábẹ́ òjìji. Ẹ fi omi tí kò ní iyọ̀, ọṣẹ tí kò le, àti kànrìnkàn rírọ̀ wẹ̀ ẹ́. Ẹ má ṣe fi yanrìn tàbí kànrìnkàn onírin ha á, bí a ti ń ṣe ìkòkò. Bí awọ ṣe ń tán lára ọkọ̀ nìyẹn.

Lẹ́yìn tí ó bá gbẹ, ẹ mú ibi kékeré kan tí kò ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ, kí ẹ fi ṣe ìdánwò. Ẹ fi àkísà òwú bu díẹ̀ nínú rubbing compound, ohun tí àwọn akunmọ́tò fi ń mú ọ̀dà dán, kí ẹ sì fi yí róbótó níbẹ̀ títí àwọ̀ yóò fi yọ. Bí èyí bá tó, kò sí ìdí láti lo ohun tí ó le jù ú lọ. Bí kò bá tó, ẹ ra sáńpépà olómi nọ́ńbà 1000. Ẹ rántí pé bí nọ́ńbà bá ti ń pọ̀ sí i ni ó ń kúnná sí i. Ẹ rì í sínú omi, ẹ fi rọra ha á, ẹ tẹ̀ lé e pẹ̀lú 1500 àti 2000, kí ẹ tó padà sí compound. Gbogbo ìgbà tí a bá ha ọkọ̀ ni a ń dín awọ rẹ̀ kù, kò sì ní hù padà. Bí àwọ̀ mìíràn bá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lábẹ́, ẹ dáwọ́ dúró lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹni tí ó bá ní ẹ̀rọ tí ń yí kí ó má ṣe dá a dúró lójú kan, nítorí ooru rẹ̀ lè jó awọ; ọwọ́ ni kí ó fi ṣe igun àti etí ọkọ̀. Kí gbogbo ẹni tí ń ha ọkọ̀ lo ìbòmú.

Ìda ni ó kàn. Èyí tí ó dára nínú wọn ni carnauba, tí a ń rí lára ewé ọ̀pẹ kan ní ìhà àríwá ìlà-oòrùn Brazil. Ẹ fi í ra ara ọkọ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹ jẹ́ kí ó ṣú bí èémí lójú dígí, kí ẹ nù ún kúrò, kí ẹ sì tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì. Àwọn kan a máa fi àdín tàbí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì pa ọkọ̀ lára. Òótọ́ ni pé yóò dán, ṣùgbọ́n fún ìgbà díẹ̀ ni. Eruku ni yóò kó, ọ̀dà kò sì ní fẹ́ lẹ̀ mọ́ ọn ní ọjọ́ iwájú.

Ẹ má ṣe fi ìda ra ilẹ̀ ọkọ̀ tàbí etí tí èrò ń gbẹ́sẹ̀ lé, kí ẹnikẹ́ni má baà yọ̀ ṣubú. Kò wúlò fún ibi tí ó máa ń wà nínú omi pẹ̀lú.

Lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún ni kí ẹ máa tún ìda rà, kí ọ̀kan nínú rẹ̀ bọ́ sí ìgbà tí ẹ̀ẹ̀rùn kò tíì mú. Kí akọ̀wé ẹgbẹ́ kọ ọjọ́ náà sínú ìwé. Láàárín méjèèjì, omi ni a fi ń yẹ̀ ẹ́ wò: bí ẹ bá wọ́n ọn sára ọkọ̀ tí ó ká jọ bí ìlẹ̀kẹ̀, ìda ṣì wà, bí ó bá tẹ́ pẹrẹsẹ, ó ti tán.