Bí A Ti Í Pèsè Àgbàlá Ilé De Ẹ̀rùn

Òjò tí ń rọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ lọ́dún tó nǹkan bí 1,400 mìlímítà, ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú rẹ̀ ni í bọ́ sílẹ̀ láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kejì. Nígbà tí ọyẹ́ bá sì dé, afẹ́fẹ́ gbígbẹ láti aginjù Sàhárà a máa fa omi inú ilẹ̀ àti ti inú ewé lọ. Ẹni tí ó bá dúró títí ewé ata rẹ̀ fi rọ kí ó tó wá nǹkan ṣe, ó ti pẹ́. Oṣù kẹwàá, nígbà tí ilẹ̀ ṣì tutù, ni àkókò iṣẹ́ yìí.

Kí a kọ́kọ́ bo ilẹ̀. Ẹ tu koríko inú ebè, nítorí òun náà ń mu omi. Ẹ sá a kí ó gbẹ, kí ẹ sì tẹ́ ẹ sí ìdí ewúro, ilá àti ata, kí ó nípọn tó ìka mẹ́rin. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó kan ara irúgbìn gan-an, tàbí ògiri ilé. Ikán fẹ́ràn irú ibẹ̀, iná sì fẹ́ràn rẹ̀ jù ú lọ. Ẹni tí ó bá rántí ọdún 1983, nígbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ àti iná ìgbẹ́ run ọ̀pọ̀ oko kòkó ní ilẹ̀ wa àti ní Ghana, kò ní béèrè ìdí tí a fi ń ro ẹ̀yìn ọgbà mọ́.

Àwọn baba wa, gbígbá ni wọ́n ń gbá ojúde, wọn kì í gbin koríko sí i. Ẹni tí ó bá gbìn ín, kí ó má ṣe gé e kanlẹ̀ nígbà ẹ̀rùn. Bí ó tilẹ̀ gbẹ, gbòǹgbò rẹ̀ yóò tún rú bí òjò bá dé. Kí a má fi omi ẹ̀fọ́ bọ́ ọ.

Ní ti omi, ẹ bu ún sí ìdí irúgbìn ní ìrọ̀lẹ́ tàbí ní kùtùkùtù, kí ilẹ̀ mu ún dé ìsàlẹ̀. Wíwọ́n díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́ ń jẹ́ kí gbòǹgbò sá wá sókè. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ìkòkò amọ̀ tí a kò fi nǹkan kùn: ẹ rì í mọ́lẹ̀ dé ọrùn láàrin ata, ẹ pọn omi kún un, ẹ sì dé e. Bí ilẹ̀ ti ń gbẹ ni omi yóò máa sun láti ara rẹ̀.

Ẹ gba òjò ìkẹyìn sínú àgbá pẹ̀lú. Òjò ínṣì 1 lórí òrùlé páànù tí ó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 30, tí ó fẹ̀ ní 20, lè fẹ́rẹ̀ẹ́ kún garawa onígálọ́ọ̀nù mẹ́rin 70. Kí ẹ fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ so ẹnu àgbá náà, nítorí irú ẹ̀fọn tí ń kó ibà pọ́njú ràn a máa yé sí ibẹ̀.