Abíọ́dún Dúró-Ládipọ̀: Ọya Tí Kò Jẹ́ Kí Iná Eré Ó Kú

Bí a bá ń ka orúkọ àwọn tí ó sọ eré orí ìtàgé Yorùbá di ohun tí gbogbo ayé ń wò, orúkọ olóògbé Dúró Ládipọ̀ kì í gbẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá wo Ọba Kò So mọ̀ dájú pé Ṣàngó nìkan kọ́ ni ó ni eré náà. Ọya wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Abíọ́dún, aya Dúró, ni Ọya náà.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn Yorùbá tí ń gbé ní Kàdúná. Ní àwọn ọdún 1950, kí òkìkí Dúró tó kàn, olùkọ́ ni ó jẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ ìjọ U.N.A. ní ìlú yìí. Níbẹ̀ ni ó ti bá wọn dá ẹgbẹ́ eléré sílẹ̀, orin Hausa sì wọ̀ ọ́ létí. Nígbà tí ó padà sí Òṣogbo, ó mú ìlù ìbílẹ̀ wọ inú orin Àjíǹde ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn àgbà ìjọ sì fárígá. Ní 1962, òun àti Ulli Beier, ọmọ Jámánì, dá Mbárí Mbáyọ̀ sílẹ̀ ní Òṣogbo. Ní 1963 ni Ọba Kò So jáde.

Ní ayé ìgbà náà, òbí tí yóò yọ̀ǹda ọmọbìnrin rẹ̀ fún eré ṣíṣe kò wọ́pọ̀. Alágbe ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pe òṣèré. Nígbà mìíràn, ọkùnrin ni yóò wọ ìró àti bùbá láti ṣe obìnrin. Àwọn ọ̀gá eléré mìíràn a sì máa fẹ́ àwọn obìnrin inú ẹgbẹ́ wọn, kí wọ́n má baà fi iṣẹ́ sílẹ̀. Abíọ́dún náà di aya ọ̀gá, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni ó fún un ní ipò, kì í ṣe ìgbéyàwó.

Ipa Ọya kò rọrùn. Oríkì àti ìjìnlẹ̀ ọ̀rọ̀ kún inú eré náà, bẹ́ẹ̀ ni òṣèré gbọ́dọ̀ mọ ohun tí bàtá ń wí. Bí Ọya bá rọ̀ jù, Ṣàngó yóò dà bí ẹni tí ń pariwo lásán. Bí ó bá sì le jù, eré yóò bọ́ mọ́ ọba lọ́wọ́. Abíọ́dún mọ ìwọ̀n méjèèjì. Ẹgbẹ́ náà gbé eré yìí dé Berlin ní 1964, wọ́n dé Ìlú Ọba ní 1965 fún àjọ̀dún àwọn orílẹ̀-èdè Commonwealth, wọ́n sì dé Amẹ́ríkà ní 1975. Abíọ́dún tún ṣe Mọ́remí, akọni obìnrin Ifẹ̀ tí ó fi ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo rúbọ. Nígbà tí ẹgbẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ Bóde Wáàsinmi lórí tẹlifíṣọ̀n Ìbàdàn, eré wọn wọ inú iyàrá àwọn tí kò lè dé gbọ̀ngàn ìṣeré.

Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹta, 1978, Dúró jáde láyé. Ìgbà náà ni ìṣòro gan-an dé. Púpọ̀ nínú àwọn ẹgbẹ́ eléré ni ó tú ká nígbà tí olórí wọn kú, nítorí pé ọ̀rọ̀ tí a tẹ̀ sínú ìwé kò tó eré. Ẹsẹ̀ ijó, ìró ohùn àti ìdáhùn sí ìlù, inú orí àwọn tí ó ṣe é ni wọ́n wà. Bí àwọn wọ̀nyí bá fọ́nká, eré ti bá wọn lọ. Abíọ́dún kò jẹ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀. Ó gba àkóso ẹgbẹ́, ó kó àwọn òṣèré jọ, Ọba Kò So sì tún padà sórí ìtàgé. Ní 1997, òun àti Gbóyèga Kọ́láwọlé kọ àpilẹ̀kọ kan nípa eré náà sínú Black Music Research Journal ní Amẹ́ríkà, kí àwọn ọ̀mọ̀wé lè gbọ́ ọ láti ẹnu ẹni tí ó wà níbẹ̀.

Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé nígbà tí Ọya gbọ́ ikú ọkọ rẹ̀, ó wọlẹ̀ ní ìlú Irá, ó di odò. Ọya ti Òṣogbo kò wọlẹ̀ ní tirẹ̀. Ìdúró rẹ̀ ni ó jẹ́ kí àwọn tí a kò tíì bí nígbà tí Dúró kú lè rí Ọba Kò So wò.