Gìtá Àfọwọ́ṣe àti Ìlù Etíkun Àgbádárìgì: Àlàyé lórí Bí Igi Ṣe Ń Fọhùn

Ìfáàrà

Gìtá jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ohun tí ọkọ̀ ojú omi gbé dé etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí Àgbádárìgì jẹ́ apá kan rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, àwọn Kru, atukọ̀ láti Làìbéríà, ń fi ìka méjì ta á láti èbúté dé èbúté. Nígbà tí ó yá, ohun èlò orin olókùn wọ orin jùjú l'Ékòó, Àyìndé Bákàrè sì mú gìtá oníná wọ̀ ọ́ ní ọdún 1949. Gìtá oníná yìí ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀. Èyí tí àpilẹ̀kọ yìí ń ṣàlàyé yàtọ̀ sí i: gìtá onígi tí a fọwọ́ kàn fún orin alákọsílẹ̀, tí kò lo iná mànàmáná, síbẹ̀ tí ohùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ kún gbọ̀ngán. Ìlù tí akẹ́kọ̀ọ́ ti mọ̀ ni a ó fi ṣàlàyé rẹ̀.

Ojú ni ó ń fọhùn

Sátò, ìlù ńlá àwọn Ògù, ga tó àgbàlagbà ní ìdúró. Igi kan ṣoṣo ni a gbẹ́ inú rẹ̀. A fa awọ bo ojú rẹ̀, èèkàn sì ni ó mú awọ náà le. Bí a bá lu awọ yìí, yóò gbọ̀n, afẹ́fẹ́ inú igi yóò bá a gbọ̀n, ohùn yóò sì jáde.

Bákan náà ni gìtá rí, àfi pé igi ni awọ tirẹ̀. Pákó spruce tàbí cedar tí a fá títí tí ó fi kù bíi mìlímítà 2 sí 2.5 ni ojú gìtá. Bí a bá ta okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà láìsí ojú yìí, ohùn wọn kò ní jìnnà. Antonio de Torres, ará Sípéènì (1817–1892), fi èyí hàn gbangba. Ní ọdún 1862, ó fi páálí ṣe ẹ̀yìn àti ìhà gìtá kan, ṣùgbọ́n ó fi igi gidi ṣe ojú rẹ̀. Gìtá náà dún. Ó sì wà ní ilé ìkóhun-èlò-orin-sí ní Barcelona.

Bí a ṣe ń kàn án

Ní ìlànà Torres, a ó la pákó kan sí méjì, a ó tẹ́ ẹ bí ìwé tí a ṣí, a ó sì lẹ̀ ẹ́ pọ̀ ní àárín. Lẹ́yìn èyí ni a ó fá a, tí a ó sì dá ihò sí i. Ní inú rẹ̀, a ó lẹ igi tẹ́ẹ́rẹ́ méje mọ́ ọn, kí wọ́n tàn ká bí abẹ̀bẹ̀. Iṣẹ́ méjì ni wọ́n ń ṣe: wọn kò ní jẹ́ kí okùn fa ojú ya, wọ́n sì ń pín gbígbọ̀n ká gbogbo ojú.

A ó fi omi rin pákó ìhà, a ó sì tẹ̀ ẹ́ lára irin gbígbóná. Ọrùn gìtá ni a ó la ojú sí ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kí ìhà lè wọ inú rẹ̀. Ẹ̀yìn ni a ó dé kẹ́yìn. Ohun tí a fi awọ ẹran sè ni àwọn àgbà oníṣẹ́ fi ń lẹ̀ ẹ́. Ìfun ẹran ni okùn rẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí ọ̀rá tó gba ipò rẹ̀ láàárín ọdún 1940 sí 1950. Ibi tí okùn ti ń gbọ̀n gùn tó sẹ̀ǹtímítà 65. Igi Áfíríkà náà wà níbẹ̀: ebony dúdú ni a sábà máa ń fi ṣe ibi tí ìka ti ń tẹ okùn, àwọn mìíràn sì ń lo ọ̀gànwó fún ọrùn.

Ìmọ̀ tí ó wà ní ọwọ́

Kò sí ìwọ̀n tí ó tó fún iṣẹ́ yìí, nítorí pé igi méjì kì í rí bákan náà. Oníṣẹ́ yóò máa fi ìka kan pákó, yóò máa tẹ̀ ẹ́ wò, yóò sì máa gbọ́ ohùn rẹ̀ títí yóò fi mọ̀ pé ó tó. A gbọ́ pé Torres fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀là rẹ̀ han àlùfáà kan, ó ní inú wọn ni àṣírí òun wà, àti pé yóò bá òun wọ ibojì. Ṣùgbọ́n José Luis Romanillos, tí òun náà ń kan gìtá, wọn àwọn gìtá Torres tí ó kù, ó sì tẹ ìwé jáde lórí wọn ní ọdún 1987. Nípa bẹ́ẹ̀, ẹni tí kò dé Sípéènì rí lè tẹ̀ lé ìlànà náà.

Irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ wà lọ́wọ́ àwọn tí ń gbẹ́ ìlù láàárín àwọn Ògù àti Yorùbá. Wọ́n mọ igi tí ó yẹ ìlù, bí ọmọ̀ àti apá. Wọ́n mọ bí inú igi ṣe gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó, àti ìgbà tí awọ gbẹ dé ibi tí ó yẹ. Ẹnu àti ọwọ́ ni wọ́n fi ń kọ́ ọmọ wọn. Bí ọmọ bá kọ iṣẹ́ náà sílẹ̀, ìmọ̀ yóò bá bàbá lọ, àwọn ọ̀rọ̀ tí a fi ń pe ẹ̀yà ara ìlù yóò sì kú pẹ̀lú rẹ̀.

Ìkádìí

A ti rí i pé ọ̀nà kan náà ni gìtá àti ìlù ń gbà fọhùn. Olùkọ́ lè fi èyí kọ́ni ní ìlànà láti ara ohun tí a mọ̀ sí ohun tí a kò mọ̀. Èyí tí ó ṣe pàtàkì jù ni pé kí olùkọ́ kó akẹ́kọ̀ọ́ lọ bá agbẹ́lù ní àdúgbò rẹ̀, kí wọ́n wọn ìlù láti òkè dé ìsàlẹ̀, kí wọ́n sì kọ orúkọ ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ ní èdè Ògù àti Yorùbá, pẹ̀lú àmì ohùn tí ó pé. Ìgbà tí ẹni tí ó lè dáhùn ìbéèrè ṣì wà láyé ni ó yẹ kí a ṣe é.