Ìsopọ̀ férémù òrùlé onípákó

Férémù òrùlé onípákó jẹ́ àkójọ pákó tí a so pọ̀ ní onígun mẹ́ta-mẹ́ta láti gbé òrùlé dúró. Ilé iṣẹ́ ni wọ́n ti máa ń ṣe é parí kí wọ́n tó gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ́lé. Bí ó ti wù kí pákó rẹ̀ le tó, ojú ìsopọ̀ ni agbára rẹ̀ wà.

Pẹlẹbẹ irin tí a fi síǹkì bò kí ó má baà dógùn-ún ni wọ́n fi ń so ó. Ẹ̀rọ a máa lu irin náà níhò, ohun tí ó bá sì yọ jáde lójú ihò kọ̀ọ̀kan ni eyín rẹ̀. J. Calvin Jureit, ẹnjiníà kan ní Florida, ni ó ṣe èyí tí ó lókìkí jùlọ, Gang-Nail, ní ọdún 1955. Ojú ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan a máa gba pẹlẹbẹ méjì, ọ̀kan níhà ọ̀tún, ọ̀kan níhà òsì, ẹ̀rọ ni ó sì ń tẹ̀ wọ́n wọ inú igi. Òòlù kò yẹ fún iṣẹ́ yìí, nítorí ó máa ń tẹ eyín wọ̀nyí dànù.

Ibi tí igi òkè àti igi ìsàlẹ̀ ti pàdé lórí ògiri ni ìsopọ̀ ti máa ń ṣiṣẹ́ jù. Ẹrù òrùlé ń ti igi òkè síta, igi ìsàlẹ̀ sì ń fà á padà. Bí pẹlẹbẹ ibẹ̀ bá kéré, eyín rẹ̀ lè fà yọ, irin fúnra rẹ̀ lè ya, tàbí kí pákó là. Ìdí nìyí tí ẹnjiníà fi ń ṣírò iye eyín tí ó wọ pákó kọ̀ọ̀kan àti bí ìlà igi náà ṣe tọ. Eyín tí ó bọ́ sórí kókó igi kò ṣeé gbára lé. Pákó tútù náà léwu: bí ó bá gbẹ, ó máa ń sún kì, eyín a sì tú.

Iná ni ó burú jù. Eyín pẹlẹbẹ kì í sábà wọlé tó sẹ̀ǹtímítà kan. Bí irin bá gbóná, igi tí ó yí eyín ká yóò di èédú, pẹlẹbẹ yóò sì jábọ́ nígbà tí pákó ṣì lágbára. Ní ọdún 2005, àjọ NIOSH ti ìjọba Amẹ́ríkà kìlọ̀ fún àwọn panápaná pé irú òrùlé bẹ́ẹ̀ lè wó lójijì, láìsí àmì kankan.