Kí Ẹ̀jẹ̀ Tó Dé

Bí a bá dárúkọ jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ẹ̀jẹ̀ ló máa ń sọ síni lọ́kàn: ẹ̀jẹ̀ tó ń wá lẹ́yìn ìbálòpọ̀, tàbí èyí tó yọjú sí ìyá tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dúró tipẹ́. Obìnrin tó bá rí irú rẹ̀ kò gbọdọ̀ fi falẹ̀. Àṣìṣe wa ni pé a sọ ẹ̀jẹ̀ di ìbẹ̀rẹ̀ àrùn, bẹ́ẹ̀ kó tó dé, àrùn náà ti lè fi ọ̀pọ̀ ọdún fara sin. Ìgbà tí nǹkan kan kò ṣe obìnrin gan-an ló yẹ kó lọ ṣàyẹ̀wò. Ṣùgbọ́n lójú ọ̀pọ̀ wa, ilé ìgbẹ̀bí lásán ni Island Maternity. Kí ni ẹni tí kò lóyún ń wá débẹ̀?

Fáírọ́ọ̀sì HPV ló fẹ́rẹ̀ẹ́ wà nídìí gbogbo jẹjẹrẹ yìí. Harald zur Hausen, ará Jámánì, ló tú àṣírí rẹ̀, wọ́n sì fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 2008. Oríṣi rẹ̀ lé ní 100, àmọ́ nọ́ńbà 16 àti 18 nìkan ló ń fa nǹkan bí 70 nínú 100 jẹjẹrẹ náà. Ìbálòpọ̀ ló fi ń ràn, ó sì wọ́pọ̀ débi pé ìyàwó tí kò mọ ọkùnrin mìíràn yàtọ̀ sí ọkọ rẹ̀ lè kó o. Ẹni tó ń pè é ní àrùn oníṣekúṣe kò mọ ohun tó ń sọ. Ara sábà máa ń lé e lọ láàárín ọdún kan sí méjì. Èyí tó bá kọ̀ tí kò lọ ni yóò ba bíréèkì inú sẹ́ẹ̀lì jẹ́, sẹ́ẹ̀lì á wá máa pọ̀ láìdúró. Ọdún 15 sí 20 ló sábà ń gbà kó tó di jẹjẹrẹ. Bí HIV bá wà lára láìsí ìtọ́jú, ó lè má ju 5 sí 10 lọ. Nínú àlàfo yìí, nọ́ọ̀sì lè fi omi kíkan bíi fínígà pa ẹnu ilé ọmọ, kí ibi tó ti ń bàjẹ́ funfun, kí wọ́n sì tọ́jú rẹ̀ kó tó di wàhálà.

Ní October 2023 ni Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn ọmọbìnrin ọdún 9 sí 14 ní abẹ́rẹ́ àjẹsára HPV, Èkó sì wà nínú ìpele àkọ́kọ́. Àwọn kan ní ọmọ ọdún 9 ti kéré jù. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ náà kì í lé fáírọ́ọ̀sì tó ti wọlé jáde. Àfi kó ṣáájú rẹ̀. Àwọn mìíràn ní yóò sọ ọmọ di àgàn. Èmi kò ní bú wọn, torí ọ̀rọ̀ oògùn Trovan tí wọ́n dán wò lára àwọn ọmọ Kánò ní 1996 kò tíì kúrò lọ́kàn. Ṣùgbọ́n ti Kánò, oògùn tí wọ́n ṣì ń dán wò ni. Láti 2006 ni ayé ti ń lo abẹ́rẹ́ yìí. Èèpo fáírọ́ọ̀sì lásán ló wà nínú rẹ̀, kò lè bí ara rẹ̀. Ní England, jẹjẹrẹ yìí fi 87 nínú 100 dínkù láàárín àwọn tó gbà á ní ọdún 12 sí 13.

Ní 2020, wọ́n fojú bù ú pé nǹkan bí 8,000 obìnrin ló bá jẹjẹrẹ yìí lọ ní Nàìjíríà. Ìyá tó bá mú ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́, kó tó padà sí ìsọ̀, ẹ jọ̀ọ́, kó béèrè ibi tí wọ́n ti máa yẹ òun náà wò.